Ẹsẹ̀ Tí Kò Kan Ilẹ̀

Orí àga ni Ìyá Kúbùsù ń sùn títí di òní. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú yàrá rẹ̀ o, bẹ́ẹ̀dì gidi tí ọmọ rẹ̀ rà ránṣẹ́ sí i. Aṣọ funfun wà lórí rẹ̀, ìrọ̀rí wà níbẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ gúnrégé bí ẹni pé àlejò kan ń bọ̀ wá sùn sí i. Àlejò náà kò dé rí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìyá á jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á fẹ̀yìn ti ògiri, á ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, á sì máa tòògbé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé bẹ́ẹ̀dì tí kò mì, bíi pé wọ́n ti sin òun ló ń rí lára òun.

Èmi kì í ṣe ọmọ rẹ̀, n kì í sì í ṣe ìbátan rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n sọ òdodo, ó yẹ kí n kórìíra rẹ̀ ni. Fún bíi wákàtí mẹ́rin ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, mo kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, n kò fi bò. Síbẹ̀, èmi náà ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí tí ìdí kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó ṣe.

Inú kóòṣì oorun ló ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń rin òru mọ́jú rí lè má mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo kóòṣì tí ẹ́ńjìnnì ń fà tẹ̀ lé ara wọn, méjì wà tí èrò kì í jókòó síbẹ̀ mọ́jú. Sísùn ni wọ́n ń sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, yàrá mẹ́wàá sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, àkàbà irin kékeré kan ló sì ń gbé ènìyàn dé òkè. Ogójì bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ti obìnrin tó ń tẹ́ wọn. Ibi tirẹ̀ ni kọ̀rọ̀ kan nídìí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè ti na apá lọ, àpótí ìjókòó kan àti pátákó kan ló sì wà níbẹ̀.

Pátákó yẹn ni ọpọlọ rẹ̀. Ìṣó ogójì ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì wà lábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan. Bí èrò bá ti wọlé, á gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn, á wo téṣàn tí oníkálukú ń lọ, á sì fi tíkẹ́ẹ̀tì náà kọ́ sórí ìṣó bẹ́ẹ̀dì tí ó ni ín. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀gá tàbí ìyàwó ilé tàbí olùkọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀dì kẹta ń sọ̀ níbí, bẹ́ẹ̀dì kọkànlélógún ń sọ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbogbo yàrá ní alaalẹ́, tí á ní, "Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kó wá sọ fún mi o. Ẹ má kàn pààrọ̀." Àwọn èrò á ní àwọn ti gbọ́. Èmi náà ní mo ti gbọ́.

Bó ṣe ń jí ènìyàn nìyí. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkọ̀ dé téṣàn rẹ, á wọlé jẹ́ẹ́, á dojú iná tọ́ọ̀ṣì kọ ilẹ̀, á sì fi ìka kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ lórí kúbùsù lẹ́ẹ̀mejì. Kì í pe orúkọ, torí pé bó bá pe orúkọ ẹnì kan, ẹni mẹ́rin ló máa jí. Kì í sì í fọwọ́ kan èjìká. Ó fọwọ́ kan èjìká ọkùnrin kan ní ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkùnrin náà sì la ojú oorun gbá a létí. Ẹ̀yìn ìgbà tó gbá a tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ìyá Kúbùsù ní ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ ni jẹ́jẹ́ ń gbé. Gbogbo ẹni tó bá jí lọ́nà bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n máa ń béèrè: "Ṣé a ti dé?" Á dá wọn lóhùn pé, "A ti dé. Ẹ rọra dìde." Lẹ́yìn náà, kò ní kúrò níbẹ̀. Á dúró títí ẹsẹ̀ méjèèjì á fi kan ilẹ̀. Ó ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì kan ilẹ̀ kò tíì jí, ìbáà ṣe pé ó ń ki oríkì ara rẹ̀ fún ọ.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀rín tirẹ̀. Ó sọ fún mi nípa obìnrin oníṣòwò kan tó rí àkàbà bẹ́ẹ̀dì òkè, tó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ òun kò ní gun igi ní ọjọ́ ogbó òun. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tó ń hanrun tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ará yàrá rẹ̀ fi kó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó jí láàárọ̀, tó wá ń ṣàròyé pé òun ò rójú oorun. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Wọn kò bi Ìyá Kúbùsù kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Òru mẹ́ta ló máa ń lò lójú irin kó tó fi ẹsẹ̀ kan ilé, bó bá sì dé ilé, ara rẹ̀ á máa mì lọ́tùn-ún lósì lórí ìdúró bí ẹni pé ilé náà ń rìn.

Bó ṣe rí ní ọjọ́ tí mo pàdé rẹ̀ nìyẹn, àfi pé ti ọjọ́ náà tún burú sí i.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó jìnnà sí ilé àwọn òbí mi. Fóònù kò tíì di ohun tí gbogbo èèyàn ń mú lọ́wọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n ní kí n wá gba ìpè ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni.

Ó ní, "Àbúrò, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màámi láàárọ̀ ọ̀la, agogo mẹ́jọ. Ó ní òun fẹ́ fojú kàn ọ́ kóun tó wọlé. Wá o. Jọ̀ọ́, má gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn dání wá."

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọkọ tí mo kọ̀ sílẹ̀. Màámi gbà pé ó yẹ kí n ní sùúrù, mo gbà pé mo ti ní sùúrù tó, a sì ti lo oṣù méje láìbá ara wa sọ̀rọ̀. Ìyá àti ọmọ o. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò ronú nípa àìsàn náà rárá. Ohun tí mo ń rò ni pé mo ní ohun kan láti sọ fún un, kò sì gùn: kó má bínú. Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ ọjọ́ náà yóò dé téṣàn ìlú wa ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ilé ìwòsàn kò sì jìnnà síbẹ̀. Àyè wà dáadáa.

Bẹ́ẹ̀dì kẹtàdínlógún ni wọ́n fún mi, bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Nígbà tí Ìyá Kúbùsù gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí n sùn kọjá. Ìyá mi ń lọ fún iṣẹ́ abẹ láàárọ̀. Ó ń dúró dè mí ni."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ti ń dáná igi tútù látàárọ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé òru kẹta rẹ̀ nìyẹn láìsùn, àti pé ẹnìkejì rẹ̀ tó ń bójú tó kóòṣì oorun kejì ń ṣàìsàn, tí wọ́n fi ní kó máa bójú tó méjèèjì pọ̀. Ọgọ́rin bẹ́ẹ̀dì fún ènìyàn kan.

Ó ní, "Ọmọ mi, lọ sùn. Tèmi ni láti máa ṣọ́ ọ̀nà."

Baba àgbàlagbà kan wọ yàrá wa nígbà tí ọkọ̀ ti ń rìn. Bẹ́ẹ̀dì kọkàndínlógún, tó wà lókè orí mi, ni tirẹ̀. Ó di àkàbà mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e, orúnkún rẹ̀ dún, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀. Ó tún gbé e lé e lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò lè wò ó níran. Mo ní, "Ẹ wá sùn síbí, Bàbá. Èmi á gòkè." Ó súre fún mi, súre fún ọkọ mi tí kò sí, súre fún àwọn ọmọ tí n kò tíì bí, ó sì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo gun òkè. Mo rántí pátákó ìṣó yẹn. Mo ní kí n sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún ìyá náà. Mo tún ní ó wà ní kóòṣì kejì, pé bó bá padà kọjá báyìí, màá pè é. Òru méjì ni èmi náà kò ti sùn dáadáa. Kúbùsù náà móoru, ó ń run ọṣẹ, ọkọ̀ ń mì mí bí ọmọ ọwọ́. Mo sùn fọnfọn.

Oòrùn ló jí mi. Ó ń tàn sí mi lójú láti ojú fèrèsé, mo sì mọ̀ kí n tó dìde rárá pé oòrùn kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo bojú wo ìsàlẹ̀. Baba náà ti jókòó, ó ń jẹ búrẹ́dì.

Mo dárúkọ téṣàn wa fún un. Mo ní, "Bàbá, ṣé a ti débẹ̀?"

Ó ní, "A ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Àní obìnrin yẹn wá ń fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀ nígbà náà. Mo ní mo ti gbọ́, mo bá yí ẹ̀gbẹ́ padà. N kò mọ ohun tó ń wá."

Mo pariwo. Mi ò rántí ohun tí mo kọ́kọ́ sọ, àmọ́ mo rántí pé àwọn ará yàrá kejì ṣílẹ̀kùn, àti pé Ìyá Kúbùsù fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáré wá tòun ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì lápá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i nígbà tó wò mí lókè, mo rí i nígbà tó wo baba yẹn nísàlẹ̀, mo sì rí i pé ó yé e.

Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣebí ìwọ lo ní kí n lọ sùn? Ìwọ lo ní tìẹ ni láti ṣọ́nà."

Ìwọ ni mo pè é, obìnrin tó dàgbà tó ìyá tí mo ń lọ bá. Ẹyin lọ̀rọ̀; mo ti jù ú sílẹ̀, ó ti fọ́, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ohun tó kù fún un láti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Kó kàn ní, "O pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì láìsọ fún mi." Gbogbo àwọn tó ń wò wá ni ì bá gbè é. Kò sọ ọ́. Ó tẹ orí ba.

Ó ní, "Mi ò dúró kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bàbá yìí dá mi lóhùn, mo sì sáré lọ sí kóòṣì kejì. Obìnrin kan àti ọmọ mẹ́ta ń sọ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré ni ọkọ̀ sì ń dúró. Mi ò dúró."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agogo méje nígbà tí a dé téṣàn tó tẹ̀ lé e. Ó tẹ̀ lé mi sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀gá téṣàn. Ọ̀gá téṣàn ní mọ́tò kì í dé ibẹ̀, pé kò sí ọkọ̀ èrò tó ń padà sẹ́yìn àfi ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ẹrù kan ń lọ nísinsìnyí, àmọ́ wọn kì í gbé èrò, òṣìṣẹ́ rélùwéè nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

Ìyá Kúbùsù ní, "Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí. Ọ̀dọ̀ mi ló wà."

Gáàdì ọkọ̀ wa, ọkùnrin kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ tipẹ́, ló kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, oṣù mẹ́rin ló kù kí ẹ fẹ̀yìntì. Bí ẹ bá fi kóòṣì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ mọ ohun tí òfin wí. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sínú ìwé pé èrò ló sùn kọjá. Ó ń ṣẹlẹ̀."

Ìyá Kúbùsù ní, "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyá ọmọ yìí ń dúró." Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó fi lé gáàdì lọ́wọ́, ó mú báàgì rẹ̀ àti kúbùsù kan, ó sì gun ọkọ̀ ẹrù.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, wọ́n lé e lóòótọ́. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àwọn ọ̀gá rélùwéè pé èmi ni mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, pé èmi ni kí wọ́n bá wí. Wọ́n fèsì ẹyọ kan, wọ́n ní ẹni tó fi kóòṣì sílẹ̀, ó fi kóòṣì sílẹ̀ náà ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dín oṣù mẹ́rin. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìdí ọkọ̀ ẹrù yẹn ni a jókòó sí, nínú kóòṣì kékeré kan tí kò ní nǹkan kan ju bẹ́ǹṣì pákó lọ. Kò sí ohun tó lọ́ra tó ọkọ̀ ẹrù láyé yìí. Ó ń dúró fún ọkọ̀ mìíràn láti kọjá, ó ń dúró fún iná, ó ń dúró láìnídìí. Àárọ̀ náà tutù, ara mi sì ń gbọ̀n. Ìyá Kúbùsù na kúbùsù sí mi, mo kọ̀ ọ́. Ó gbé e sí àárín wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ ká ṣàánú òun, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni.

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni òun nígbà tí ọkọ òun kú, tó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Iṣẹ́ kóòṣì ni òun rí, òun sì gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n òun obìnrin pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ni òun ń lọ wò ó. Bí òun bá sì délé, oorun ni òun máa ń sùn, ọmọ náà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kó má pariwo.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè ní Màámi. Èmi ni Àǹtí. Ọdún kẹfà ló tó bi mí pé, 'Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fi máa ń wá sùn nílé wa?' Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́."

Mo ń ka àwọn òpó tó ń kọjá lẹ́bàá ojú irin, mo ń wo agogo ọwọ́ mi. Nígbà tí ó di agogo mẹ́jọ géérégé, mo fa kúbùsù náà mọ́ra. N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi.

Mo ní, "Èmi ni mo pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, mà."

Ó ní, "Mo rí i."

Agogo mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni a wọ ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Kò dìde kí mi.

Ó ní, "O dé. Ó béèrè rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n dúró, pé ọmọ òun wà lójú ọ̀nà. Wọ́n dúró fún wákàtí kan ó lé, àwọn dókítà ní àwọn ò lè dúró mọ́. Ìgbà tí wọ́n ń tì í wọlé, ojú ọ̀nà ló ń wò." Ó wá rí ẹni tó dúró lẹ́yìn mi. "Ta lèyí?"

Kí n tó yanu, Ìyá Kúbùsù ti fèsì. Ó ní, "Èmi ni mo gbé e kọjá."

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú kúrò lára rẹ̀. Mo ní àǹfààní láti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, n kò sì sọ ọ́. Ó rẹ̀ mí jù. Ìyá náà lọ jókòó sí òpin bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ǹṣì bó ṣe ń to bàtà àwọn èrò. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó títí a ó fi gbọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí orí rẹ̀ fi ń já. Ó ń yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dùbúlẹ̀ gbọọrọ, obìnrin tí kì í dùbúlẹ̀, lórí pákó líle tí kò mì. Òru mẹ́ta ti wó lé e. Mo fi kúbùsù bò ó. Kúbùsù náà kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó ti la yẹ́yẹ́ ní gìgísẹ̀.

A jókòó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan kọjá pẹ̀lú garawa, ẹnì kan ń wúkọ́ nínú yàrá kan, agogo ara ògiri ń dún. Mo ń tún ohun tí mo fẹ́ sọ fún Màámi sọ lọ́kàn bí ọmọ ilé ìwé tó ń há ẹ̀kọ́ sórí. Màámi, ẹ má bínú. Màámi, mo ti dé, ẹ má bínú.

Ó kọjá agogo kan díẹ̀ nígbà tí dókítà jáde. Ó ti bọ́ fìlà rẹ̀ sí ọwọ́. Ó ní kí a jọ rìn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì ti mọ̀ láti ibi tó ti ní kí a rìn, torí pé kò sí ẹni tí í rin jìnnà lọ sọ ìròyìn ayọ̀. Ó ní àwọn ṣe gbogbo ohun tí agbára àwọn ká. Ó ní àìsàn náà ti jẹ ẹ́ jìnnà ju bí àwọn ṣe rò lọ. Ó ní kò jẹ́ ìrora fún un, ojú oorun ló wà.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì sunkún. Nígbà tó ṣe, ó tẹ̀ lé dókítà lọ fọwọ́ sí ìwé. Èmi padà sí bẹ́ǹṣì, mo sì jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ Ìyá Kúbùsù.

Ó ń sùn. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀, ó dà bí ọmọdé. N kò jí i. Mo jókòó níbẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, mo ń wo agogo, mo ń jẹ́ kó máa sùn, títí di òní yìí ni mo sì ń bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé àánú ni. Bóyá ìbínú ló kù sí mi lára, tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín in. Àmọ́ ohun tí mo rántí pé mo ń rò ni pé, níwọ̀n ìgbà tí obìnrin yìí kò bá tíì jí, ẹnì kan ṣì wà láyé tí Màámi kò tíì kú lójú rẹ̀. Ẹnì kan ṣì wà tí a jọ ń lọ bá ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi padà dé pẹ̀lú ẹrù Màámi nínú ọ̀rá. Ó ní ó tó àkókò.

Mo dìde. Mo fi ìka kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Ó la ojú, kò sì mọ ibi tó wà. Ó ní, "Ṣé a ti dé?"

Mo ní, "A ti dé, mà. Ẹ rọra dìde."

Ó wo ojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Mo dúró títí méjèèjì fi kan ilẹ̀ kí n tó sọ fún un.